Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Nípa Dídá Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Fọ́tò Sílẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ tiwa ló máa ń bi wá ní nǹkan wọ̀nyí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú.

Ṣé dandan ni kí n ní kámẹ́rà ńlá?

Rárá o. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ́ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí, àti ohun tó yẹ kí ẹ yọ kúrò nínú fọ́tò. Kò sí kámẹ́rà olówó ńlá tó máa bá yín ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ ṣáà máa fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín kí ẹ tó yà á. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tó ń wá sọ́dọ̀ wa bíi pé èéfín bò ó, òróró ọwọ́ ló wà lójú kámẹ́rà. Ẹgbẹ́ tó bá sì ní òun ò gba onífóònù, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣe fáàrí ni.

Èwo ló dáa jù nínú WhatsApp, Telegram, Facebook àti Instagram?

Ibi tí àwọn èèyàn yín wà tẹ́lẹ̀ ló dáa jù. Ní Nàìjíríà, WhatsApp ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ kò lè gbà ju èèyàn 1,024 lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì lè rí nọ́ńbà ara wọn. Telegram lè gba tó 200,000, èèyàn lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì lè padà sẹ́yìn lọ wo ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé, tí ádímìnì bá ti ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Instagram dáa kí ará ìta lè rí iṣẹ́ yín, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ ti lè jókòó sọ fún ẹnì kan pé òjìji ti bo ojú ìyàwó. Àwọn tó bá fẹ́ tọ́jú fọ́tò wọn bó ṣe tóbi gan-an ṣì ń lo Flickr, tó ti wà láti 2004. Fọ́tò 1,000 ló ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ mú ọ̀kan. Àwọn tó ṣí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta ló máa ń dahoro.

Èèyàn mélòó ló tó láti bẹ̀rẹ̀?

Mẹ́fà tó ń fèsì sàn ju ọ̀ọ́dúnrún tó ń wò níran lọ. Àwọn tí ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má ju líǹkì yín sí àárín ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fi "ẹ kú àárọ̀ o, ẹni Olúwa" ránṣẹ́ pẹ̀lú òdòdó, ẹ ò sì ní mọ bí ẹ ṣe máa yọ wọ́n.

Ṣé irú ẹgbẹ́ báyìí ti wà rí lọ́dọ̀ wa?

Ó ti wà, kó tó di pé íntánẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ní 2001 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ayafọ́tò kan tó ń jẹ́ Depth of Field sílẹ̀. Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, TY Bello àti Amaize Ojeikere ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé níbi àfihàn fọ́tò ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Màlì, láti 1994. Emeka Okereke àti Zaynab Odunsi wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìyẹn ò ju mẹ́fà lọ! Ní 2009, Okereke kan náà dá Invisible Borders sílẹ̀, tí àwọn ayafọ́tò àti òǹkọ̀wé ń wọ ọkọ̀ kan náà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. LagosPhoto, àfihàn fọ́tò ńlá ti Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní 2010.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1955, wà lára àwọn tó dá Autograph sílẹ̀ ní 1988 fún àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú. Lórí Instagram, Everyday Africa bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Fọ́tò ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi síbẹ̀, torí ó ti sú wọn pé ogun àti ebi nìkan ni ayé ń rí ní Áfíríkà.

Kí ló dé tí fọ́tò mi ń di bàìbàì tí mo bá ti fi ránṣẹ́?

WhatsApp ló ń fún un pọ̀ kó má baà jẹ dátà. Láti 2023 ni wọ́n ti fi àmì HD sí i, ó sì dáa díẹ̀ sí i, àmọ́ kò tíì jẹ́ ojúlówó. Tí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Ẹ ṣọ́ra ṣá. Dókúmẹ́ǹtì máa ń gbé ohun tó fara pa mọ́ sínú fọ́tò dání: irú kámẹ́rà tó yà á, wákàtí tí wọ́n yà á, bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó. Ìyẹn wúlò gan-an fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ tí ẹ bá ti jẹ́ kí kámẹ́rà máa kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀, àdírẹ́sì ilé yín náà ti bá a lọ. Ẹ lọ sí ètò kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ pa ibi tó ti ń kọ ọ́ kí ẹ tó ya ọmọ yín ní pálọ̀.

Dátà wọ́n. Ṣé ẹgbẹ́ yìí kò ní jẹ owó mi tán?

Ẹ pa ibi tí WhatsApp ti ń fúnra rẹ̀ gba fọ́tò wọlé, èyí tí ẹ bá fẹ́ wò nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní òfin: fọ́tò kan fún ẹnì kan lóòjọ́, kí ẹ sì dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 2,048. Ó tó fún ojú fóònù. Ọjọ́ tí ẹ bá ń yẹ fọ́tò ara yín wò nìkan ni kí dókúmẹ́ǹtì máa wọlé.

Kí la fẹ́ máa ṣe tí ọ̀rọ̀ ò fi ní tán lẹ́nu wa?

Ẹ mú kókó kan lọ́sẹ̀ kan. Kókó tó gbòòrò, bí "ẹwà" tàbí "ìfẹ́", kì í bí nǹkan kan. Òdòdó àti oòrùn tó ń wọ̀ ni gbogbo èèyàn máa kó wá. Ẹ mú ohun tó ṣeé nawọ́ sí: ọwọ́ aláró ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, páànù tó ti dípẹtà láti orí òkè Mápó, inú dánfó kí dẹrẹ́bà tó gbéra, oúnjẹ tó ń hó lórí iná, àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí eruku bá sọ oòrùn di ohun tí èèyàn lè wò lójú kòrókòró.

Àwọn kan máa ń ráhùn pé kókó ti kéré jù. Ẹ wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, bàbá Amaize tá a dárúkọ lókè. Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ ní 1954, níbi tó ti ń bá ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń yà. Ṣùkú, onílé gogoro, irun òwú, irun dídì, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó fi máa kú ní 2014, fọ́tò irun nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú irun yẹn, kò sẹ́ni tó ń dì í mọ́, inú fọ́tò yẹn nìkan la ti ń rí wọn. Ta ló wá ní kókó kéré?

Báwo ni mo ṣe lè sọ fún ẹnì kan pé fọ́tò rẹ̀ kò dáa, tí kò fi ní dìjà?

Kí onífọ́tò kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò, kó kọ "ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò" sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Tí kò bá ti kọ ọ́, ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Òfin kan ṣoṣo yìí ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí kí ẹ tó sọ èrò yín. "Ike omi ẹ̀yìn ìyàwó ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí" ṣàǹfààní ju "kò dáa" lọ. Onífọ́tò á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ike ló yẹ kóun gbé kúrò. Kí ẹ wá sọ ohun kan tó lè ṣe lọ́la: kó kúnlẹ̀, kó sún ẹsẹ̀ méjì sápá òsì, kó dúró kí oòrùn rọlẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá ka àléébù méje fún lójú gbogbo ayé, kì í padà wá.

Èébú kọ́ ló ń ba ẹgbẹ́ fọ́tò jẹ́ jù. Ìyìn tí kò nídìí ni. Ẹ mú àpẹẹrẹ fọ́tò òde: léèsì funfun, oòrùn ọ̀sán gangan, gèlè tó ga, ojú obìnrin náà sì dúdú kirikiri lábẹ́ gèlè. Èmójì iná ogún ló máa gbà. Onífọ́tò á lọ, á tún lọ yà á bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó sanwó. Tí ẹnì kan bá ti ṣàlàyé fún un pé funfun léèsì ló tan kámẹ́rà jẹ, tí kámẹ́rà fi rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù tó sì dín in kù, kò ní ṣe é mọ́. Kó fi ìka tẹ ojú obìnrin náà lórí fóònù, kó fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, tàbí kó mú un wọ abẹ́ ìbòòji. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan nìyẹn, kò sì sí èmójì tó lè sọ ọ́.

Nítorí náà ni òfin wa fi ní kí àwọn tó bá fi èmójì ránṣẹ́ sí fọ́tò àyẹ̀wò fi ọ̀rọ̀ kan tì í. "Ó dáa" kì í ṣe ọ̀rọ̀. "Ó dáa torí pé…" ni ọ̀rọ̀.

Àgbà ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Ṣé ọmọdé lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kó sọ ọ́ di ìbéèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi òpó iná yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn orí wọn ni?" Kò sí àgbà tó máa bínú sí ìyẹn, á sì ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ àgbà ayafọ́tò ní ohun tí àwọn ọmọ fóònù kò ní. Fíìmù tó ń gba fọ́tò 36 péré ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń dúró kí àsìkò tó pé kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ádímìnì náà ni kó kọ́kọ́ gbé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Tí àwọn èèyàn bá rí i pé wọ́n ń tún ti ọ̀gá ṣe tí kò sì bínú, ara á tu àwọn tó kù.

Ṣé ká yọ àwọn tí kì í sọ̀rọ̀?

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹlòmíì ń kọ́ṣẹ́ jẹ́ẹ́ ni.

Ẹnì kan ń fi ìpolówó àti iye owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé ká gbà á?

Ẹ fún ìpolówó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun á kúrò, àwọn ni wọ́n sì mọ iṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ iye owó ló le. Ẹnì kan á kọ iye tó ń gbà fún ìgbéyàwó, ẹlòmíì á ní òun máa ṣe é ní ìdajì, ó di kí wọ́n máa já iṣẹ́ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n máa sọ iye owó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tó ń ra kámẹ́rà àlòkù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ rí ọjà lójú kí ẹ tó sanwó.

Àwọn ọkùnrin kan ń lọ dààmú àwọn obìnrin ní ìkọ̀kọ̀. Kí la máa ṣe?

Ẹ yọ wọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ mẹ́ta. "Mo fẹ́ kí o wá ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì fún mi" ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi obìnrin sára àwọn ádímìnì kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè rí ẹni sọ ọ́ fún, kí ẹ sì kọ òfin náà síbi tí ẹni tuntun ti máa rí i.

Ṣé a lè jáde lọ ya fọ́tò pa pọ̀?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ ti rí lójú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè dùn yín lórí fóònù. Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Èèyàn ogún tó gbé kámẹ́rà wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará ọjà á rò pé ìjọba ló fẹ́ wá wó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ á máa pe àwọn èèyàn fún yín.

Ẹ má ya bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí sójà tó ń ṣọ́ nǹkan. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 kà á léèwọ̀ láti ya àwọn ibi tí ìjọba ń dáàbò bò láìgbàṣẹ. Dúróònù náà ní òfin tirẹ̀: ẹ nílò àṣẹ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò àti ti àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí kò bá ní ìwé méjèèjì, kó fi tirẹ̀ sílé.

Ṣé mo lè ya ẹni tí mi ò mọ̀ kí n sì fi í sínú ẹgbẹ́?

Ẹ béèrè. Tí bíbéèrè bá máa ba fọ́tò náà jẹ́, ẹ yà á, kí ẹ lọ fi hàn án, kí ẹ sì pa á rẹ́ tó bá ní kí ẹ pa á rẹ́. Ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi. Aláìsàn, ẹni tó ń ṣagbe, aláàárù tó sùn lọ sínú báró rẹ̀: nínú ẹgbẹ́ tiwa, a kì í gbà á àyàfi tí ẹni náà bá gbà. Fọ́tò náà lè dáa bí ó ti wù kó dáa.

Ọdún ìbílẹ̀ yàtọ̀ síra. Níbi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, kámẹ́rà máa ń pọ̀ bí omi, síbẹ̀ àwọn ibì kan wà nínú igbó tí wọ́n máa ní kí ẹ má yà. Egúngún, ẹ bi àwọn tó ń mú un jáde. Òmíràn fẹ́ kí ẹ ya òun, òmíràn á lé yín. Orò kò sí lára ohun tí wọ́n ń yà. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́, kí ádímìnì pa á rẹ́ kó tó bi í léèrè.

Ẹnì kan jí fọ́tò mi lò. Ṣé òfin wà?

Ó wà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022 tí ààrẹ sì fọwọ́ sí ní 2023, fún ẹni tó ya fọ́tò ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti yà á. Kò di ìgbà tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀. Òfin náà tún jẹ́ kí ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé e sí pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ya ojú ibi tí wọ́n lò ó sí, kí ọjọ́ àti orúkọ hàn, torí wọ́n lè sá pa á rẹ́. Ẹ wá kọ̀wé jẹ́jẹ́ sí ẹni náà. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé fọ́tò ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín ni fáìlì ojúlówó bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, ẹ má pa á rẹ́ láé. Àmì orúkọ tí ẹ kọ gàdàgbà sójú èèyàn kò dí olè lọ́wọ́, ó kàn ba fọ́tò yín jẹ́ ni.

Oníbàárà sanwó fún fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Ta ló ni ín?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ti ń ṣi òfin gbọ́. Tí kò bá sí ìwé àdéhùn tó sọ nǹkan míì, ayafọ́tò ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fọ́tò ti ara ẹni tàbí ti ẹbí, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín lè lò ó bó ṣe fẹ́ láìfi ṣòwò, ó sì lè ní kí ẹ má gbé e jáde. Torí náà, ẹ fi ìlà kan sínú ìwé àdéhùn pé ẹ lè fi díẹ̀ han ẹgbẹ́ yín. Ìyàwó tó rí ojú ara rẹ̀ níbi tí àjèjì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ìmọ́lẹ̀ ò tó, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Fọ́tò tí AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá ti kọ̀ǹpútà) ṣe ńkọ́?

Kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó sì fi í síbòmíràn, torí kò sí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sí lẹ́ǹsì kankan níbẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe ìdíje, ẹ máa béèrè fáìlì ojúlówó lọ́wọ́ àwọn tó bá wọ ìpele tó kẹ́yìn. Ibi tó díjú ni fọ́tò tòótọ́ tí wọ́n fi AI yọ òpó iná kúrò nínú rẹ̀. Lójú tiwa, fọ́tò òde, kó yọ ọ́. Fọ́tò ọjà tàbí ti ìròyìn, kó fi òpó sílẹ̀ níbi tí NEPA rì í sí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kò gbà bẹ́ẹ̀, a ṣì ń bá àríyànjiyàn rẹ̀ lọ.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá rẹ ádímìnì?

Ó máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ yan mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí WhatsApp, tí ádímìnì kan ṣoṣo bá jáde, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa mú ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣáá fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wọlé lánàá. Ẹ má gba owó ẹgbẹ́ títí ẹ fi ní ohun pàtó tí ẹ fẹ́ rà. Tí ẹ bá wá gbà á, ẹni tó ń gbowó kọ́ ló yẹ kó máa nà án.

Fọ́tò tó bá dáa jù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gba fáìlì ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ onífọ́tò, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti yà á àti ọdún rẹ̀ sí i. Ẹ kó wọn sínú háàdì dísìkì méjì, kí èèyàn méjì tí ilé wọn jìnnà síra máa tọ́jú wọn. Fóònù á sọnù, WhatsApp á kún, ẹnì kan á sì tẹ "pa gbogbo rẹ̀ rẹ́" nígbà tó ń wá àyè fún fíìmù.